Obì ni Èrò, Ènìyàn ni Ẹrù

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ní Òkè-Sópẹ̀n, Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ́rì kan fẹ̀yìn sí ẹnu ìsọ̀ olóbì, ó la ẹnu sílẹ̀, àwọn aláàárù sì ń fún un lóúnjẹ. Kánò ló ń lọ. Ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ tó bíi 1,000 kìlómítà, kò sì sí bẹ́ẹ̀dì kankan fún àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ títí wọn yóò fi dé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì alákàrà lódìkejì títì, mo ń wò wọ́n.

Ìyá olóbì ló kọ́kọ́ fa ojú mi mọ́ra. Ó tẹ́ ewé gbòdògì sínú apẹ̀rẹ̀, ewé lórí ewé, títí kò fi sí àlàfo tí ìka lè gbà kọjá. Ó mú gbànja kan, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó fi èékánná họ ojú dúdú kan lára rẹ̀, ó sì jù ú sínú igbá tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Màmá, kékeré mà ni kòkòrò yẹn jẹ ẹ́,” ni ọmọbìnrin tó ń bá a ṣà á wí.

“Kékeré níbí ni. Kó tó dé Ìlọrin, á ti pe ẹgbẹ́ ẹ̀.”

Ooru ń pa obì, gbígbẹ ń pa á, omi àpọ̀jù náà ń pa á. Bí ọkọ̀ bá dá dúró lọ́nà, àwọn tó bá a lọ gbọ́dọ̀ tú apẹ̀rẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí wọ́n pààrọ̀ ewé tó ti gbẹ. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ẹni tó mọ iyì obì ni obì í gbó sí. Lójú ọ̀nà Kánò, iṣẹ́ òòjọ́ ni òwe yẹn.

Ó pẹ́ tí obì ti ń sọ ènìyàn di asùnta. Kí mọ́tò tó dé, àwọn oníṣòwò Hausa a máa da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí ọjà Salaga ní ilẹ̀ Gonja, ní àríwá Ghana òde òní, láti ra obì. Láti ara orúkọ Gonja yẹn la ti rí gbànja. Ibi tí wọ́n bá dó sí lálẹ́ ni wọ́n ń pè ní zango. Ọmọ ọkọ̀ lọ́rì tí mo ń wò yìí náà ń di ẹrù zango tirẹ̀.

Mo bá a ka ẹrù náà: ẹní kan, aṣọ òtútù méjì nítorí ọyẹ́, sítóòfù, ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ ti dúdú, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta, búùtà aláwọ̀ ewé kan, àti gaàrí Ìjẹ̀bú tó kún ike ọ̀dà. Gaàrí ni ọ̀rẹ́ ẹni tí ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú igbó: kò bèèrè iná, kò bèèrè ọbẹ̀, omi tútù àti ẹ̀pà ti tó o. Ọmọ ọkọ̀ wá gbé igi wúwo méjì tó dà bí ẹnu àáké sókè fún mi.

“Wẹ́ẹ̀jì mi nìyí, ẹ̀gbọ́n. Sọ́mìlì tiwa níbí ni wọ́n ti gé e. Igi rírọ̀ lèyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, táyà rún un ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Jẹ́bbà.”

Bàbá awakọ̀ ti jókòó tì mí, ó ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Mo kí i kú ìmúra ìrìn-àjò, mo bi í léèrè ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù lójú ọ̀nà.

“Jáàkì,” ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. “Táyà bẹ́ nínú òjò lọ́dún kan. Bí a ṣe ń gbé jáàkì sókè, bẹ́ẹ̀ nilẹ̀ ń mu ún bí ẹni mu ògì. Nígbà tó sú wa, a sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ mọ́, àṣé ẹ̀yìnkùlé ìyá oníkunú la sùn sí. Kunú gbígbóná la fi ṣíwọ́ ẹkún.”

Ó ní ìgbádùn ọ̀nà náà ń bẹ ní Jẹ́bbà, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja Odò Ọya. Afárá reluwé tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1916 wà lókè odò náà, reluwé ló sì ń gbé obì kọjá nígbà kan. Ṣùgbọ́n reluwé ní aago tirẹ̀. Bàbá awakọ̀ ní tirẹ̀ máa ń dúró títí wọn yóò fi yí ẹ̀gbẹ́ kejì ẹja náà sí iná.

“Ẹ ṣì ń gba ọ̀nà Birnin Gwari?”

“Rárá o. Ẹ̀rù agbébọn ò jẹ́ ká gba ibẹ̀ mọ́. Bí a bá dé Mòkwá, Bídà là ń yà sí.” Ó dákẹ́. Mòkwá yìí ni omíyalé kó ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún náà, tó sì pa ènìyàn tó ju 150 lọ. “Ìyá kan wà níbẹ̀ tó máa ń bu ìrẹsì fún wa. N ò tíì rí i láti ìgbà yẹn.” Ó nu ọwọ́, ó sì dìde.

Aago mẹ́fà ti fẹ́ lù. Wọ́n fa tapólì bo obì, wọ́n sì fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ láìdì kí atẹ́gùn lè wọlé. Ibi tó kù, láàárín tapólì àti apẹ̀rẹ̀, ni ọmọkùnrin ìyá olóbì, tó ń bá obì lọ, ká ara rẹ̀ sí bí àpò. Obì ní ewé, ó ní atẹ́gùn, ó ní olùṣọ́. Ènìyàn ní ẹní kan.

Ọmọ ọkọ̀ yọ wẹ́ẹ̀jì, ó fò mọ́ ọkọ̀, wọ́n sì lọ. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí alákàrà fi kígbe: búùtà wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì! Ọlọ́kadà kan gbé e, ó sáré tẹ̀ lé wọn, ó sì bá wọn kí wọ́n tó dé Orù.

Nínú gbogbo apẹ̀rẹ̀ obì, kò sí ọ̀kan tí wọ́n gbàgbé.