Táyà Máa Ń Sọ̀rọ̀ Kó Tó Bẹ́

Ẹni tó bá gba Gàmbàrí kọjá ní Ìlọrin kò ní ṣàì rí àwọn fọkanáísà létí títì, àwọn àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún atẹ́gùn, àti abọ́ omi dúdú tí wọ́n fi ń wá ibi tí táyà ti ń jò. Mo fẹ́ràn láti máa wo iṣẹ́ wọn. Wọ́n á fún táyà kún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tí omi bá ti ń hó wúruwúru, ibẹ̀ ni ìṣó gbà wọlé. Wọn kì í pẹ́ dí i, onímọ́tò á sì bá tirẹ̀ lọ.

Táyà tó jò kò bà mí lẹ́rù. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí kò jò rárá, àmọ́ tó ti gbó mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Irú rẹ̀ ló ń bẹ́ lórí eré, tí a óò wá máa sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, tàbí pé ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ọkùnrin. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní eré àsápajúdé àti táyà tó bẹ́ ló fà á. Ikú irú èyí kò yọ olówó sílẹ̀, kò yọ mẹ̀kúnnù sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí táyà wà lára rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 2419, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní kí táyà lò mọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí fọkanáísà kan ní Gàmbàrí fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà tókúnbọ̀ kan fún oníbàárà rẹ̀. Orí táyà náà kò tíì jẹ, ó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara rẹ̀ fi hàn pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Oníbàárà náà kò bá a ná an mọ́.

Nígbà kan, Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Michelin ti tirẹ̀ pa ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ dúró nígbà tó yá. Ojú òkun ni táyà wa ń gbà wọlé báyìí, tuntun àti tókúnbọ̀, ìdí nìyẹn tí kíka nọ́ńbà fi di dandan.

Atẹ́gùn tí kò tó tún burú gan-an nínú oòrùn Ìlọrin. Bí táyà bá rọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á máa nà bó ṣe ń yí, ooru á mú un títí okùn irin inú rẹ̀ yóò fi yọ lára rọ́bà. Àpọ̀jù náà kò dára, torí kì í jẹ́ kó di ilẹ̀ mú. Iye tó yẹ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ wọn atẹ́gùn rẹ̀, kí táyà tó gbóná.

Bó bá bẹ́ lórí eré, ẹ má ṣe já bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹ di sítíárìn mú gírígírí, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tòrótù, kí eré ọkọ̀ rọra dínkù kí ẹ tó yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi òkúta sé táyà odìkejì, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀. Ewé tí àwọn awakọ̀ wa ń já sójú títì wúlò lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò tàn lóru. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí jáàkì tó gbé ọkọ̀ sókè, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa yí mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì. Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ máa mú nọ́ọ̀tì tó dojú kọra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún wọn gan-an lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti balẹ̀.

Ìlọrin mọ ẹ̀sìn, Gàmbàrí sì ti mọ ìrìn àjò láti ìgbà tí àwọn oníṣòwò Hausa ti ń sọ̀ síbẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ lẹ́nu àwọn áfáà pé Ànábì ní kí ẹni tó ní ràkúnmí so ó mọ́lẹ̀ ná, kó tó gbára lé Ọlọ́run. Awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí lónìí. Kí ẹ tó gbéra lọ sí Jẹ́bà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ìkarùn-ún tó wà ní bùùtù. Èyí tó bá ti lé lọ́dún mẹ́rin, ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àdúà, kí ẹ sì máa lọ.