Gíga Tí Wọ́n Fi Ń Ṣe Yẹ̀yẹ́ Hakeem Ọlájùwọ́n l'Ékòó, Òun Náà Ló Gbé E Ga l'Ámẹ́ríkà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ ná! Ta ni yóò tìtorí pé òun ga kó máa sunkún? Ọmọkùnrin kan wà ní Igbó-Ọrà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni, ṣùgbọ́n bó bá dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, àfi bí ọ̀pẹ láàárín oko ẹ̀gẹ́. Sáà kọ̀ọ̀kan ni télọ̀ ń tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò iléèwé rẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yéé yọ síta. Àwọn kan ń pè é ní "Òpó Iná." Àwọn mìíràn a ní kó bá àwọn wo òkè bóyá òjò ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ju báàgì ìwé rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ tó ń sá láfún.

"Màámi, ẹ má bínú, mi ò lọ síléèwé mọ́. Ẹ jẹ́ n kúkú máa bá Bàbá lọ sóko."

Ìyá rẹ̀ ò mọ èyí tí ì bá sọ. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé tiwọn àti tirẹ̀ kọjú síra, ló gbọ́ ohùn ọmọ náà, ló bá pè é.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ Hakeem Ọlájùwọ́n?"

"Rárá, sà."

"Háà! Jókòó ná. Tí mo bá sọ ọ́ tán tí o ò bá lọ síléèwé, a jẹ́ pé o fẹ́ràn ọkọ́ lóòótọ́."

Ìtàn tí bàbá náà sọ fún un nìyí. Ó yẹ kí gbogbo òbí ní Ìbàràpá méjèèje, láti Èrúwà títí dé Ìgangan, gbọ́ ọ.

Ìlú Èkó ni wọ́n bí Hakeem sí, ní ọjọ́ 21, oṣù Jánúárì, ọdún 1963. Ọmọ Yorùbá ni tìyá-tìyá, tìbàbá-tìbàbá. Sìmẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Nígbà tó ń dàgbà, gíga rẹ̀ di nǹkan ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú a sì máa tì í. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbá, gólì ló ń ṣọ́. Ó tún ń gbá háńdìbọ́ọ̀lù. Básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n lókè, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Iléèwé Muslim Teachers College l'Ékòó ló wà nígbà yẹn.

"Bàbá, ọjọ́ orí tèmi náà nìyẹn!"

"Kí lo rò pé mo ṣe pè ọ́?"

Lọ́dún 1980, Hakeem wọ bààlúù, ó di Amẹ́ríkà. Nígbà tó gúnlẹ̀ sí Houston, kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀. Takisí ló fúnra rẹ̀ wọ̀ dé yunifásítì. Odidi sáà àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ṣé ó wá sunkún padà sílé? Ó tì o! Nígbà ìsinmi, ó ń lọ bá Moses Malone ṣeré, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ìgbà náà. Malone ń tì í gbọ̀ngbọ̀n, kò ṣàánú rẹ̀, ibẹ̀ ni egungun ọmọ Yorùbá ti le.

Yunifásítì náà dé àṣekágbá lọ́dún 1983, wọ́n pàdánù níṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn. Wọ́n tún débẹ̀ lọ́dún 1984, ẹgbẹ́ Patrick Ewing lù wọ́n. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá fẹ́ ṣa àwọn ọ̀dọ́ tuntun lọ́dún yẹn, Hakeem ni Houston Rockets kọ́kọ́ mú. Michael Jordan tí gbogbo ayé mọ̀, ẹnì kẹta ni wọ́n mú un! Ọdún 1986, Hakeem tún dé àṣekágbá, Boston tún lù wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn. Ẹlòmíràn ì bá ti ní ayé ń ṣe òun.

Ọdún 1994 ni ojú ọ̀run là. Ta ló tún dúró níwájú rẹ̀? Patrick Ewing kan náà ni, pẹ̀lú ẹgbẹ́ New York. Nínú ìdíje kẹfà, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, ọmọ New York kan ju bọ́ọ̀lù tí ì bá fún wọn ní ife. Ọwọ́ Hakeem ló kàn án lókè, 86 sí 84 ni Houston fi yè é. Wọ́n sì gba ife náà nínú ìdíje keje. Lọ́dún 1995 wọ́n tún gbà á, wọ́n na Orlando 4 sí 0.

Ẹsẹ̀ Hakeem ló ń ya àwọn òyìnbó lẹ́nu jù. Bó bá ṣe bí ẹni ń lọ sọ́tùn-ún, òsì lẹ ó ti bá a. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tóun gbá l'Ékòó ni òun ti rí i. Ẹ ò rí i pé ohun téèyàn kọ́ kì í ṣòfò! Ní oṣù Fébúárì 1995, ó ń gba ààwẹ̀ Ramadan, kì í jẹ, kì í mu lọ́sàn-án, síbẹ̀ òun ni wọ́n yàn pé ó peregedé jù lóṣù náà. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì lọ́dún 2002, bọ́ọ̀lù 3,830 ló ti fọwọ́ gbá dànù lókè lẹ́nu àwọ̀n. Kò tíì sẹ́ni tó kọjá rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? "Akeem" ni wọ́n ń kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1991 ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe yẹ, Hakeem.

Bàbá tíṣà wá ní: "Ṣùgbọ́n má gbọ́ ọ sódì o. Gíga nìkan kọ́. Àwọn tó ga bí i Hakeem pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Sùúrù àti iṣẹ́ ni. Yunifásítì ló sì kọ́kọ́ gbà á, kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Wo ìlú yìí: ìbejì tí àwọn kan ń sá fún láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ṣebí òun ni gbogbo ayé fi ń mọ Igbó-Ọrà lónìí?"

Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀. Ó pẹ́ dé iléèwé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì jẹ ẹ́ níyà, ṣùgbọ́n ó lọ.

Bàbá tíṣà ti ní kí wẹ́dà tẹ irin róbótó kan, wọ́n kàn án mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Àmọ́ ọmọ tó sọ ọ́ ní "Òpó Iná" ló ń kọ́kọ́ dé níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó ń bẹ̀ pé apá tirẹ̀ lòun fẹ́ wà. Ìyá rẹ̀ náà ti ra aṣọ ṣòkòtò tuntun. Ó ní kí télọ̀ fi ìṣẹ́tí tó pọ̀ sílẹ̀, nítorí ọmọ òun ṣì ń ga bọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ máa ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ ń pe ọmọ. Èyí tẹ́ ẹ ń fi rẹ́rìn-ín lónìí lè jẹ́ ohun tí Elédùmarè fi sanwó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àbí irọ́ ni?