Géèjì Ìdájí ní Èbúté Ìkòròdú

Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ilẹ̀ ò tíì mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó já sí Èbúté Ìkòròdú ti kún. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó ń sáré lọ síbi ọkọ̀ ojú omi, báàgì lọ́rùn, bàtà iṣẹ́ nínú ọ̀rá, kí wọ́n lè bá èyí tó máa kọ́kọ́ ṣí lọ sí CMS tàbí Fálómọ̀. Àwọn kọ̀ńdọ́ náà ti gbóhùn sókè: "Sábó! Gárééjì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gbé òórùn ẹja yíyan àti èéfín mọ́tò wá pọ̀. Ẹni tó bá dúró díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà á gbọ́ ìró mìíràn lábẹ́ ariwo yìí, ìyẹn ẹ̀rọ àwọn fọkanáísà tó ń kù, àti ṣìììì tí afẹ́fẹ́ ń pa bó ṣe ń wọ inú táyà.

Abẹ́ àtíbàbà ọ̀kan nínú wọn ni mo jókòó sí. Àgbà ọkùnrin ni. Gbogbo awakọ̀ ló ń pè é ní Bàbá. Géèjì rẹ̀ kì í kúrò ní àpò ẹ̀wù àyà rẹ̀. Láàárín aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, torí wákàtí yìí ni dánfó, kọrópe, Corolla àti Sienna ń yà kí wọ́n tó gba tọ́ọ̀nù. Ó sì ní ìdí mìíràn tó fi fẹ́ràn wákàtí náà. Táyà tó sun ìta mọ́jú ti tutù, ohun tí géèjì bá sì sọ nígbà náà ni òótọ́. Bí ìgbóná inú táyà bá fi nǹkan bíi digírì 5 tàbí 6 lé sí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi bíi nọ́ńbà kan (PSI kan) gòkè lójú géèjì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún un.

Ọ̀rọ̀ tó gbòde níbẹ̀ lọ́wọ́ yìí ni ti táyà tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ jẹ epo. Kò yani lẹ́nu. Títí di oṣù karùn-ún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó igba náírà l'Ékòó. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan ti di nǹkan bíi 490 náírà. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2024, àwọn ilé epo NNPC l'Ékòó ń tà á ní 998. Owó ọkọ̀ gòkè, àmọ́ kò lè bá epo sáré, torí àpò èrò náà ò gbà á. Awakọ̀ tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ máa san owó ọlọ́kọ̀, á san owó tíkẹ́ẹ̀tì, á ra epo, kó tó mọ ohun tó máa gbé relé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, epo nìkan ni ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ lè dín kù. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ tí àwọn awakọ̀ ń jiyàn lórí rọ́bà ní ìdájí, owó oúnjẹ ilé ni wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Ọmọkùnrin kan tó ń wa kọrópe ló dá ọ̀rọ̀ táyà náà sílẹ̀. Ó tẹríba.

"Bàbá, ẹ kú ìdájí o. Ẹ bá mi wo iwájú ọ̀tún, ó jọ pé ó ti rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé táyà kan wà tó ń dín epo kù? Bọ̀dá kan l'Ájáh ló sọ fún mi."

Bàbá kò dá a lóhùn. Ó tẹ géèjì mọ́ táyà ọ̀tún. "Ogún." Ó yí sí òsì. "Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìwọ tí ò ń wá táyà tí kì í jẹ epo, ìgbà wo lo fún èyí ní afẹ́fẹ́ gbẹ̀yìn?"

Ọmọkùnrin náà ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bọ̀dá tó wà l'Ájáh kò purọ́ fún un. Bí táyà bá ń yí, ibi tó kan ilẹ̀ máa ń tẹ̀. Bó bá sì kúrò nílẹ̀, á tún nà padà. Gbogbo agbára tí ẹ̀rọ ọkọ̀ fi tẹ rọ́bà yẹn kọ́ ló ń padà wá. Apá kan di ooru, ó sì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ ba táyà ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mile 12 dé ti fọwọ́ ba epo tó jó dànù. Ilé iṣẹ́ Michelin tilẹ̀ máa ń sọ pé nínú táńkì epo márùn-ún tí ọkọ̀ kékeré bá jó, táyà ló jẹ ọ̀kan. Àwọn náà ló gbé táyà tuntun kan jáde ní 1992, tí wọ́n fi silica, tó wà nínú yanrìn, rọ́pò púpọ̀ nínú èédú dúdú tí wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà, kí ooru yẹn lè dín kù, kí táyà má sì tìtorí rẹ̀ máa yọ̀ nínú òjò. Ní Yúróòpù, láti oṣù kọkànlá 2012, ìwé pélébé kan gbọ́dọ̀ bá táyà tuntun dé ọjà. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń sọ níbẹ̀ bó ṣe ń fi epo ṣòfò àti bó ṣe ń dúró lójú ọ̀nà tó tutù. A ló dára jù. G ló kẹ́yìn tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti 2021, E ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ìyàtọ̀ epo láàárín A àti G lè tó 7.5 nínú 100.

Ìwé pélébé yẹn kì í dé Èbúté. Ẹni tó ra táyà náà ní Jámánì ló ya á dànù. Táyà ló wá.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí awakọ̀ dánfó àgbà kan, tí wọ́n ń pè ní Alhaji, dá sí i láti ibi tó ti ń jẹ àkàrà. "Ẹ má da ara yín láàmú. Táyà tó ti pá ni kì í jẹ epo. Ìgbàkigbà tí mo bá fi tuntun sí i, epo mi máa ń tètè tán."

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú Bàbá, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, torí òótọ́ ni Alhaji sọ. Rọ́bà ojú táyà tuntun nípọn. Ohun tó ń tẹ̀ tó sì ń nà níbẹ̀ pọ̀. Bó bá ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ń yí pẹ̀lú ìrọ̀rùn sí i. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wakọ̀ mọ èyí láìka ìwé kankan. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ọ̀nà tó ń ti omi jáde lójú táyà ti bá rọ́bà náà lọ. Nínú òjò oṣù kẹfà, nígbà tí omi bá dúró lójú ọ̀nà láti Ògólóńtò dé Májìdún, táyà tó pá máa ń gun orí omi, bíréèkì á wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Ní Yúróòpù, bí jíjìn ihò ojú táyà bá ti dín sí mìlímítà 1.6, òfin ò gbà kó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ táyà tó sún mọ́ ìwọ̀n yẹn ló ń wá bẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé kejì lọ́dọ̀ wa.

Ìyá alákàrà ló fún Alhaji lésì, ó ṣì ń fi ṣíbí yí ohun tó wà nínú epo gbígbóná. "Alhaji, ẹ̀yin ẹ mọ epo. Àwa tí a jókòó lẹ́yìn yín ńkọ́?"

Alhaji nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìwé ìròyìn. "Ìyá, owó ni."

N kò lè dá ọkùnrin yẹn lẹ́bi tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà Bàbá, ọmọkùnrin kan ti to táyà tòkunbọ̀ jọ, ó ti fi nǹkan dúdú kan pa wọ́n, wọ́n sì ń dán lábẹ́ iná. Òfin ilẹ̀ wa kò gba kíkó táyà àlòkù wọlé. Àwọn táyà ńláńlá kan ti ọkọ̀ àjàgbé, tí wọ́n fẹ́ tún ojú wọn ṣe, nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n wà ní gbogbo ìkóríta. Ìgbà kan wà tí a ń ṣe táyà fúnra wa. Michelin ní ilé iṣẹ́ ní Port Harcourt, Dunlop ní tirẹ̀ n'Ìkẹjà. Michelin ti tirẹ̀ pa ní 2007, Dunlop tẹ̀ lé e ní 2008. Iná ọba tí kò dúró àti táyà òkèèrè olówó pọ́ọ́kú kò jẹ́ kí wọ́n rọ́wọ́ mú. Igi rọ́bà ṣì ń bẹ nínú oko ní Ẹdó àti Ondó. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ tuntun ní Ìkòròdú ń san owó dọ́là lórí rẹ̀, ẹni tí kò bá ní in á gba tòkunbọ̀. Ohun tí mo ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá máa rà á ni pé kó wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára rẹ̀. Bó bá ka 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ojú táyà lè ṣì ga kí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, òun ló sì ń bẹ́ lórí eré.

Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti ra táyà adín-epo-kù ní tuntun. Corolla ló ń wà, orí fóònù ló ti ń rí èrò. Ó ní nígbà tí òun gbé èrò lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ọ̀nà ṣí, òun rí ìyàtọ̀; ọkọ̀ ń lọ fúnra rẹ̀ bí òun bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. "Ṣùgbọ́n láti ibí dé Kétu, ẹ̀gbọ́n, n kò rí nǹkan kan. Owó mi ń dùn mí."

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọkọ̀ tó dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 ń jó epo, táyà rẹ̀ ò sì yí. Bó bá sún díẹ̀, awakọ̀ á tẹ bíréèkì, agbára tí epo ti fi sí i á parí síbẹ̀. Kò sí rọ́bà tó lè gba irú epo bẹ́ẹ̀ là. Táyà tó dára ń sanwó rẹ̀ padà lójú ọ̀nà tó ṣí, fún ẹni tó ń lọ jìnnà. Bí mo bá jẹ́ awakọ̀ Ìkòròdú sí Ìjẹ̀bú Òde, màá fowó jọ rà á. Fún ẹni tó ń ṣe Èbúté sí Gárééjì, màá ní kó kọ́kọ́ lọ bá Bàbá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ní bí afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi nọ́ńbà kan dín, epo tó ń ṣòfò tó 0.2 nínú 100. Ká ní afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fi mẹ́wàá dín, ó di 2 nínú 100. Ẹni tó ń ra epo 30,000 náírà lóòjọ́ ń da 600 náírà nù lójoojúmọ́, ìyẹn 3,600 láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò tó owó yẹn rárá. Táyà tó rọ̀ sì tún ń jẹ létí, ó ń gbóná, ó sì ń sún mọ́ bíbẹ́. Lójú tèmi, èyí ni táyà adín-epo-kù tó wà ní ìkáwọ́ gbogbo wọn, tòkunbọ̀ ni o, tuntun ni o.

Àwọn kan á wá lọ sí òdìkejì. Awakọ̀ Sienna kan ní kí Bàbá fún òun ní 50, torí pé bó bá le, á yára. Bàbá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, ó fi nọ́ńbà tó wà lórí ìwé kékeré ibẹ̀ hàn án: 35. Nọ́ńbà gíga tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ ni ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kì í ṣe ibi tó yẹ kó wà. Táyà tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń jẹ láàárín, ilẹ̀ tó ń dì mú ń dín kù, ihò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà sì lè fà á ya. Àárín òpópónà Ìkòròdú kọ́ ló yẹ kéèyàn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ń dùn mí lórí gbogbo èyí. Wọ́n ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ awakọ̀ lójoojúmọ́ ní gbogbo gárééjì, síbẹ̀ n kò rí géèjì kan tí ẹnikẹ́ni ti yẹ̀ wò pé ó péye. Bàbá ń gbìyànjú. Ó ní géèjì méjì, ó sì ń fi ọ̀kan dán èkejì wò. Fọkanáísà tó wà ní ọ̀ọ́kán rẹ̀ ń fi òòlù gbá táyà, etí ló fi ń gbọ́ ọ. Ẹ̀mí èrò méjìdínlógún wà lórí ohun tí etí yẹn bá sọ. Géèjì kan tó péye ní gárééjì kọ̀ọ̀kan kò ju agbára àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì yẹ kí awakọ̀ fẹnu ara wọn bèèrè fún un.

Nígbà tí aago mẹ́fà ààbọ̀ lù, ojú ọ̀sà ti funfun. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fara gbá àwọn táyà ògbólógbòó tí wọ́n so mọ́ etí èbúté. Dánfó kan yà wá láti ọ̀nà Ìtóìkín, ó ti rìn jìnnà, ó kún fún èrò àti ẹrù. Awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kíá.

"Bàbá, ẹ jíire. Ẹ bá mi dín in kù, ó ti le jù."

Bàbá fọwọ́ ba táyà kó tó yọ géèjì. Ó wò ó, ó sì dá géèjì padà sí àpò. "Kò le jù. Ó gbóná ni. Bí mo bá yọ ọ́ báyìí, á rọ̀ bó bá tutù. Máa bá tìrẹ lọ. Lọ́la, kí o tó gbé èrò kankan, wá bá mi."

Awakọ̀ náà na owó sí i. Bàbá ní òun ò tíì ṣiṣẹ́ kankan, ó sì fa ọ̀pá afẹ́fẹ́ lọ síbi kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ti ń dúró.