Ìsinmi Tọkọtaya àti Owó Àsanpọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ní í pa ni. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà mọ̀ pé ẹni tí kò bá fún ara rẹ̀ ní ìsinmi, àìsàn yóò fún un ní ìsinmi tipátipá. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Kì í ṣe ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ tí a fi ń fọ aṣọ, tí a sì fi ń lọ sí òde ìgbéyàwó, ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe ìsinmi tí ọkọ àti aya yóò torí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, tí wọn yóò sì lọ sùn sí ìlú mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan, láìsí pé ẹnikẹ́ni kú, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sọmọ lórúkọ.

Ìrìn-àjò kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì lóṣòó ti onígbèsè títí ó fi san owó wọn. Àwọn baba wa ná ọjà òkèèrè, wọ́n bọ òrìṣà lókèèrè, wọ́n sì bá àna wọn ṣe ìnáwó níbikíbi tí àna náà bá wà. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni kí ènìyàn rin ìrìn-àjò nítorí àtisinmi nìkan. Nígbà tí ọkọ mi sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwa méjèèjì fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní apá Onitsha, ìbéèrè tí màmá kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ta ni ẹ fẹ́ lọ kí níbẹ̀?" A ní kò sí. Wọ́n tún béèrè pé, "Ṣé ọjà ni ẹ fẹ́ lọ rà?" A ní rárá o. Màmá wò wá tìyanu-tìyanu, wọ́n ní kí Ọlọ́run sọ́ wa lọ, kí ó sọ́ wa bọ̀.

Ọ̀nà tí ayé òde òní ń gbà ṣe irú ìsinmi báyìí fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni èyí tí mo pè ní owó àsanpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn yóò sanwó kí ó tó kúrò nílé. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ wà nínú rẹ̀, ohun mímu wà nínú rẹ̀, nígbà mìíràn ọkọ̀ òfurufú pàápàá wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí òtútù bá mú wọn títí, wọn a wá hòtẹ́ẹ̀lì etíkun tí owó rẹ̀ kò gani lára, ọkọ àti aya a sì lọ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀.

Ìtàn ètò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 1841, ọkùnrin gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ó tún jẹ́ oníwàásù, Thomas Cook, kó nǹkan bí 500 ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Leicester lọ sí Loughborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìpàdé àwọn tí ó kọ ọtí mímu ni wọ́n ń lọ, ṣílè kan sì ni olúkúlùkù san ní àlọ àti àbọ̀. Láti inú ṣílè kan yìí ni ilé iṣẹ́ ńlá ti hù, èyí tí ó ń ru àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ káàkiri ayé títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí gbèsè dá a dúró. Ní ọdún 1950, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Gérard Blitz, pa àgọ́ sí etíkun Alcúdia ní erékùṣù Majorca. Ẹgbẹ́ tí a wá mọ̀ sí Club Méditerranée ni ó dá sílẹ̀, owó kan ṣoṣo ni àlejò sì ń san fún ibùsùn, oúnjẹ àti eré ìdárayá. Nígbà tí ó yá, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ohun mímu níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó wọ aṣọ ìwẹ̀ kò ní àpò tí yóò kó owó sí. Àwa tí àwọn baba ńlá wa ná owó ẹyọ kò ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yin ohun tí ó yẹ ní yíyìn. Owó àsanpọ̀ ní àǹfààní méjì tí ó tóbi. Èkíní ni pé olówó oṣù mọ iye tí òun yóò ná kí ó tó gbéra. Kò sí ìjà láàrin ọkọ àti aya lórí iye tí wọ́n ta ẹja, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pé ẹnì kan ń ka owó lábẹ́ tábìlì. Èkejì ni ó jẹ mí lógún jù. Nínú ilé wa, bí ọkùnrin bá gba ìsinmi, obìnrin kì í gbà á. Ọjọ́ ọdún ni ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá sọ pé a ń lọ sinmi ní ilé ìbátan, ńṣe ni obìnrin yóò kúrò nídìí ààrò tirẹ̀, tí yóò sì lọ jókòó tì í nídìí ààrò ẹlòmíràn. Nítorí náà, ibi tí ẹlòmíràn ti ń dáná, tí a kò sì retí pé kí aya bá wọn bó iṣu, ibẹ̀ ni obìnrin ti ń mọ̀ pé òun sinmi. Ẹni tí ó bá ń bú owó àsanpọ̀, kí ó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí: ta ni yóò se oúnjẹ?

Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ilẹ̀ Gáḿbíà ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1965 ni ọmọ ilẹ̀ Swídìn kan, Bertil Harding, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wá sí etíkun wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ibẹ̀ ti ń ti ara àlejò jẹun: awakọ̀, agbẹ́gilére, atèso, amọ̀nà, àti onílé oúnjẹ kéékèèké. Nígbà tí owó àsanpọ̀ dé, àlejò kò jáde mọ́. Èwo ni ti pé kí ó ra ẹja yíyan níta, nígbà tí ó ti san owó èyí tí ó wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì? Ariwo àwọn ará ìlú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gáḿbíà fi òfin de ìsinmi owó àsanpọ̀ ní ọdún 1999. Òfin náà kò pẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń kó àlejò wá láti Yúróòpù kò fara mọ́ ọn, nígbà tí ó sì di ọdún 2000, ìjọba gbé e kúrò. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ọwọ́ ẹni tí ó ń mú àlejò wá ni agbára wà, ọwọ́ onílé kò mú èèkù idà.

Ogbunike tí a lọ kò ní òkun. Ìlú kan ni ní tòsí Onitsha, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oyi, ní ìpínlẹ̀ Anambra. Ènìyàn yóò gba Benin kọjá, yóò dé Asaba, yóò sì gun afárá odò Ọya. Afárá àtijọ́ ti ọdún 1965 ṣì wà níbẹ̀, èkejì rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023 sì ti wà pẹ̀lú. Ohun tí ó sọ Ogbunike di ìlú olókìkí ni àwọn ihò àpáta tí ó wà nínú àfonífojì kan tí igbó bò. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Ukwa ni ó kọ́kọ́ rí i, ọdọọdún sì ni wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ó ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń retí pé kí Àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé, bí wọ́n ti ka Sukur ní ọdún 1999 àti igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ní ọdún 2005.

Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 300 ni a sọ̀ kí a tó dé ẹnu ihò. A bọ́ bàtà wa, nítorí ilẹ̀ mímọ́ ni wọ́n kà á sí. Nínú ihò náà, àwọn ọ̀nà tóóró ya sí ọ̀tún àti òsì, àdán ń ké lókè orí, ènìyàn a sì máa rákò níbòmíràn bí ọmọ ọwọ́. Ìṣàn omi kan ń jáde láti inú ihò lọ pàdé odò Nkissa, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yóò sì kan ẹsẹ̀ kan, omi tútù yóò kan èkejì. Ọkọ mi ní, "Ìyá Àdùkẹ́, Ìkógòsì rèé o!" Òtítọ́ ni ó sọ. Ohun tí a ń wọ ọkọ̀ lọ wò ní ìlú oníìlú wà ní Èkìtì, bóyá àwa náà kò sì tíì mú ara ilé wa lọ síbẹ̀ rí.

Lókè àtẹ̀gùn náà ni mo ti rí ohun tí ó mú mi kọ àròkọ yìí. Ọkọ ìyàwó kan àti ìyàwó rẹ̀, tí òrùka ọwọ́ wọn ṣì ń dán, bá àwọn èrò kan wá. Amọ̀nà ka èèwọ̀ ibẹ̀ fún wa: ẹ bọ́ bàtà, obìnrin tí ó bá sì ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọlé. Ìyàwó náà dákẹ́, ó sún mọ́ ẹ̀yìn, ó sì jókòó sórí òkúta. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un kí ó tó sanwó ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ó wẹ̀yìn, ó sì gòkè padà. Nígbà tí àwa jáde láti inú ihò, a bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ń jẹ okpa, oúnjẹ àwọn Ìgbò tí ó fara jọ ọ̀lẹ̀lẹ̀ wa, ẹni tí ó tà á fún wọn sì ti gbé àpótí jókòó tì wọ́n, ó ń kọ́ wọn ní bí a ti ń kí ènìyàn ní èdè ìlú náà.

Èmi kò ní bú èèwọ̀ Ogbunike. Bí Orò bá ń lọ ní ìlú tiwa, ta ni ó ń sé mọ́lé bí kò ṣe obìnrin? Ẹni tí ó bá lọ sí ìlú oníìlú gbọdọ̀ bọ̀wọ̀ fún ohun tí onílé ń bọ̀wọ̀ fún. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tí ó ń gba owó lọ́wọ́ tọkọtaya ní òkèèrè gbọ́dọ̀ sọ èèwọ̀ náà kí ó tó gba owó, kí obìnrin lè fúnra rẹ̀ mú ọjọ́ tí yóò lọ. Owó àsanpọ̀ tí ó ka ibùsùn, oúnjẹ àti ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí kò ka ara obìnrin sí, kò tíì ka ohun gbogbo.

Bí àwa ṣe ṣe tiwa nìyí, bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíràn. A sanwó yàrá àti oúnjẹ àárọ̀ pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí, a di owó tí ó kù sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ọkọ̀, ti amọ̀nà àti ẹnu ọ̀nà ihò, àti ti oúnjẹ ọ̀sán àti alẹ́. Oúnjẹ yìí ni a kò jẹ nínú ilé ìtura rárá. Ọwọ́ àwọn obìnrin tí ó ń dáná lẹ́bàá ọ̀nà ni a ti rà á. Èmi kò dáná, ọkọ mi kò dáná, owó wa kò sì dúró sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Iye tí a ti pinnu kí a tó kúrò nílé ni a ná, nítorí pé a ti dè é kí a tó gbéra. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń wá nínú owó àsanpọ̀ kò kúkú sí nínú pé kí ẹnì kan gba gbogbo owó náà. Inú ètò ni ó wà, àti inú pé kí tọkọtaya jọ mọ iye owó tí ó wà lápò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la, owó oṣù yín kò ní pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí sọ yín di ẹni tí kò mọ ju ilé àti ilé-ìwé lọ. Arìnjìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí agbára yín bá ká òkun, ẹ lọ sí òkun. Bí ó bá jẹ́ Ìkógòsì tàbí Ogbunike ni ó ká, ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè èèwọ̀ ìlú kí ẹ tó béèrè iye owó. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ rántí ẹni tí ó ń dáná. Níbikíbi tí ẹ bá sì dé, ẹ jáde kúrò nínú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ ra nǹkan jẹ lọ́wọ́ onílé, nítorí pé àlejò tí ó sùn sí ìlú kan, tí kò sì sí ará ìlú tí ó jèrè wíwá rẹ̀, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó kọjá lójú ọ̀nà.