Ikán Tó Mọ̀wé

Bàbá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin náà ti kú. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí tún lè ba nínú jẹ́ mọ́ àfi èmi. Èmi ni mo ta aṣọ tí Màmá Àgbà ní kí a fi sin àwọn.

Ọdún Ogun Àdùbí ni a bí Màmá, ìyẹn 1918, ọdún tí owó orí sọ àwọn Ẹ̀gbá di jagunjagun, tí wọ́n ń hú irin rélùwéè. Ọdún yẹn náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, Màmá a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹgbẹ́ ni àwọn àti owó orí. "Èmi dàgbà, òun náà dàgbà," ni wọ́n máa ń wí, "àmọ́ èmi ni mo rẹ́yìn ẹ̀."

Aláró ni wọ́n ní Ìtòkú, láti kékeré títí ojú fi ń ṣe bàìbàì. Imú ni mo kọ́kọ́ fi mọ ilé wa: òórùn ẹ̀lú tó ti kan nínú ìkòkò, òórùn eérú, òórùn aṣọ tútù lórí okùn. Ewé ẹ̀lú tí a gún, tí a ṣù, tí a sá gbẹ ló ń lọ sínú omi eérú, ìkòkò á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Màmá a ti ìka bọ̀ ọ́, wọn a tọ́ ọ wò lẹ́nu, wọn a ní, "Kò tíì jí." Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ó jí. Kódà nígbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún méje, aró ṣì wà ní kọ̀rọ̀ èékánná àtàǹpàkò wọn bí ilà.

Aṣọ tí mò ń wí yìí, àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn ni. Ní Abẹ́òkúta tiwa, páànù tí àwọn ọkùnrin gé bátànì sí lára la sábà fi ń tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ. Àwọn obìnrin Ìbàdàn ló ń fi ìyẹ́ adìẹ yà á lọ́wọ́, ilà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ọ̀rẹ́ Màmá kan láti Ìbàdàn ló ya tiwọn. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí ló fi yà á: àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Màmá pa á láró fúnra wọn. Wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n sá a, wọ́n tún rẹ ẹ́, títí búlúù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, kí wọ́n tó ha ẹ̀kọ kúrò kí òpó Mápó tó yọjú.

Ní òpin ọdún 1947, nígbà tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ sí ààfin Aké nítorí owó orí, Màmá wà níbẹ̀, bàbá mi wà lẹ́yìn wọn, ọmọ oṣù mẹ́rin. Ìta gbangba ni wọ́n sùn mọ́jú. Ìbàdàndùn yẹn ni wọ́n fi bo ọmọ. Iná àtùpà ẹnìkan ta sí i létí, ó dá ihò tí kò tó hóró ẹ̀wà, Màmá sì fi òwú pupa kó ihò náà létí. Nígbà tí Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní January 1949, wọ́n ká aṣọ náà sínú àpótí, wọ́n ní ó di ọjọ́ tí àwọn bá ń lọ. (Kábíyèsí padà wá ní 1950. Màmá ò bá wọn jà, àmọ́ wọn ò yọ aṣọ náà.) Aṣọ Aké la ń pè é nílé.

Ní 1993, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì, mo jókòó sílé, ọmọ ogún ọdún. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàtà mi sì ti yanu. Ọkùnrin kan ń yí àdúgbò ká nígbà náà, ó ń ra aṣọ àtijọ́, ó ní àwọn òyìnbó ń béèrè rẹ̀ l'Ékòó. Èmi sì ni Màmá máa ń fún ní kọ́kọ́rọ́ àpótí, torí wọ́n ní n kì í fọwọ́ kan ohun tí wọn ò rán mi sí.

₦600 la fẹnu kò sí. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan, ó rí ojú òwú pupa, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó ní aṣọ yìí ti jó. Ó yọ ₦100 nínú owó. Mo gba ₦500.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Màmá ṣí àpótí fúnra wọn.

"Àjàní, aṣọ Aké dà?"

"Ikán ti jẹ ẹ́, Màmá. Mo ti kó o dà nù kó má bàa ran àwọn tó kù."

Wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí n gbé àpótí bọ́ sí ojú oòrùn. Wọ́n ń kó aṣọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, wọ́n ń fi ìka tọ etí rẹ̀, wọ́n ń gbé e símú. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìdí àpótí, wọ́n gbé ọwọ́ sókè wò: kò sí yẹ̀pẹ̀. Wọ́n wá mú aṣọ tó wà lókè aṣọ Aké tẹ́lẹ̀, wọ́n mú èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ́ méjèèjì sórí ẹsẹ̀.

"Ikán tó jẹ ẹyọ kan láàárín méjì," Màmá wí, "tí kò fọwọ́ kan èyí tó wà lókè, tí kò fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, ikán yẹn mọ̀wé."

Èmi nìkan ni mo ń lọ sí yunifásítì nínú ilé wa nígbà náà.

Wọ́n to aṣọ wọn padà, wọ́n ti àpótí, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Ọdún méjìdínlógún ló lò níbẹ̀. Wọn ò bá mi ṣọ̀tá o. Àjàní náà ni wọ́n ń pè mí, ẹran tó pọ̀ jù ni wọ́n ń bù sí ọbẹ̀ mi. Kìkì pé wọn ò rán mi nídìí àpótí mọ́.

Àwọn tí mo ti sọ díẹ̀ fún rí rò pé títà ni àṣìṣe mi. Rárá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo pa irọ́ ikán, mo rí ọkùnrin yẹn l'Ìtòkú, ó di ẹrù aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ká ní mo ti jẹ́wọ́, Màmá á bú mi, bàbá mi á nà mí, a ó ra aṣọ wa padà, bó fẹ́ gba ₦1,000. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe sáré lépa aṣọ tí ikán ti jẹ? Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi kọjá.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ pọ̀ ní British Museum ní London. Mo ti wo àwòrán Ìbàdàndùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ro mí, etí aṣọ ni mo máa ń wò, òwú pupa ni mò ń wá.

Màmá kú ní 2011, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Lẹ́yìn tí wọ́n wẹ̀ wọ́n tán, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, wọ́n ṣí àpótí. Wọ́n tú u dé ìsàlẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, itọ́ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́. Mo ti la ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wá a mọ́," bàbá mi ní. "Ó ti pẹ́ tí Màmá ti sọ fún mi. Ikán jẹ ẹ́. Wọ́n ní àwọn fojú ara àwọn rí i, wọ́n ní kí n má torí ẹ̀ bi ọmọ kankan léèrè nínú ilé yìí."

Mo pa ẹnu dé.

Ẹtù ni wọ́n fi wé wọn. Bàbá mi di etí kan mú níbi orí, wọ́n wò yíká yàrá, wọ́n ní kí n wá di ti ẹsẹ̀ mú.