Ìyèré Tí Wọ́n Ti Lọ̀ Sílẹ̀

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ta ìyèré ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Àwọn kan da hóró rẹ̀ sínú abọ́, agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn mìíràn ti lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n dì í sínú ọ̀rá pélébé, wọ́n fi kọ́ sókè ìsọ̀. Tinú ọ̀rá ló rọ ẹni tó ń kánjú lọ́rùn. Síbẹ̀, n kì í rà á.

Òróró inú hóró ìyèré ló gbé òórùn rẹ̀ dání, èèpo dúdú tó hunjọ yẹn ló sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Kété tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òórùn náà lọ nìyẹn. Títa rẹ̀ kì í tètè lọ ní tirẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ẹ ó fi ahọ́n kan lẹ́búlẹ́bú náà, á ta yín, ẹ ó ní ojúlówó ni. Ó dénú ọbẹ̀ tán, ó kàn ń ta lásán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé bí ọbẹ̀ bá ti ta, ó ti tó. A ti jà á tì.

Ta ló tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn? Odindi kò ṣeé fi purọ́, torí ìyèré ní ìrù. Ẹ mú ẹyọ kan sí àtẹ́lẹwọ́: igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi so mọ́ ara ìtàkùn ṣì wà nídìí rẹ̀. Ata dúdú ilẹ̀ Íńdíà, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, kò ní in. Ní nǹkan bí ọdún 1486, Potogí kan tó ń jẹ́ João Afonso de Aveiro gbé ata onírù yìí láti ilẹ̀ Bìní lọ sí Pọ́túgà, wọ́n sì rà á. Ìgbà tí Vasco da Gama, tóun náà jẹ́ Potogí, dé Calicut nílẹ̀ Íńdíà ní 1498, tí ata Íńdíà wá ń wọlé, ọba Potogí fòfin de tiwa kó má baà ba ọjà tuntun náà jẹ́. Èyí ni mo máa ń rántí bí ẹnìkan bá ń fi ata dúdú inú agolo ṣe fọ́rífọ́rí sí mi.

Ìyá tí mo ń bá rajà kì í bínú sí ẹni tó ń ṣà á. “Àǹtí, ẹ fi eyín gé e,” ni wọ́n máa ń wí. Èyí tó gbẹ á dún kẹ́, inú rẹ̀ á funfun díẹ̀. Èyí tí kò gbẹ á rọ̀ lábẹ́ eyín, á sì máa rùn bí àká tó ń jò. Ẹ má gbé e délé, ńṣe ló máa bu.

Ìgò gbígbẹ ni mo ń kó o sí, tí ìdérí rẹ̀ le, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó jìnnà sí sítóòfù. Ike á fa òórùn rẹ̀ mu, kò sì ní ṣeé fi ṣe nǹkan mìíràn mọ́. Fíríìjì ńkọ́? Iná lọ, iná dé, omi á sẹ̀ sínú ìgò.

Orí iná ni ọbẹ̀ máa ń wà kí n tó fọwọ́ kan ìyèré. Mo máa yan ìwọ̀nba tí mo fẹ́ nínú ìkòkò gbígbẹ títí yóò fi ta sánsán, kí n tó gún un nínú odó kékeré. Bìlẹ́ńdà náà lè ṣe é, àmọ́ kí ẹ má fi lọ èso fún ọmọ lọ́jọ́ kejì. Ààbọ̀ ṣíbí tíì tó ìkòkò ẹja àrọ̀ tí èèyàn mẹ́rin máa jẹ. Bó bá pọ̀ jù, á korò. Ìgbà tí ẹja bá fẹ́ẹ̀ jinná ni mo ń wọ́n ọn sí i.

Ọbẹ̀ ìyá ìkókó nìkan ni n kì í dá sí. Àwọn àgbà ló mọ ìwọ̀n tiwọn. Nígbà tí ìyàwó àbúrò ọkọ mi bímọ, ìyá ọkọ mi ní kí n gún ìyèré wá. Mo gbé ṣíbí tíì mi dé. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ṣé ológbò ló bímọ ni?” Mo bá padà sídìí odó.