Láílọ́ọ̀nù Ìyá Mi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Yamoussoukro wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa ní Bouaké. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ṣe ìṣirò ìjóná: ìwọ̀n ohun tó wọnú iná gbọ́dọ̀ bá ti ohun tó jáde dọ́gba. Mo rí i tó kọ azote, ìyẹn náítírójìn, síbi àwọlé, ó tún kọ iye kan náà síbi àjáde.

"Ṣé òun náà ń jó ni?"

"Rárá o, Tàǹtí. Kì í ṣe nǹkan kan."

"Kí ló wá ń wá níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò jẹ́ kí n sùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, èédú ló fi là mí lóye. Ká ní kábọ́nì pọ́ńbélé ni èédú. A yẹ ohun tó ń jáde lẹ́nu ihò èéfín wò: nínú 100, azote jẹ́ 79, gáàsì tí kábọ́nì àti ọ́síjìn para pọ̀ dà jẹ́ 14, ọ́síjìn tí ò ríṣẹ́ ṣe jẹ́ 7. Kò sẹ́ni tó wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí azote ṣe wọlé ló ṣe jáde, òun ló sì kó 79 nínú 100 afẹ́fẹ́. A jẹ́ pé afẹ́fẹ́ 100 ló wọlé, tòun ti ọ́síjìn 21. Iná jẹ 14, ó ṣẹ́ 7 kù. Afẹ́fẹ́ tó wọlé fi ìdajì lé lórí èyí tí iná nílò.

"Láílọ́ọ̀nù!" ni mo pariwo.

Ará Èjìgbò ni ìyá mi, bíi ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbí. Sálúbàtà ọmọdé ló ń tà, iye kan ni gbogbo rẹ̀. Bó bá fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún mi tó padà dé, kì í kọ́kọ́ ka owó, kì í ka bàtà. Láílọ́ọ̀nù dúdú tí a fi ń dì í ló ń kà. Bí 50 bá ku 31, owó bàtà 19 ló ń bèèrè. Lọ́jọ́ tí mo yọ owó ra dòdò alloco, mo ti tún bàtà tò, mo ti múra irọ́ sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

Ẹgba ọjọ́ náà kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún oníbàárà kan lójúmọ́ pé láílọ́ọ̀nù ti tán. Fún oṣù méjì gbáko ni ìṣirò ìyá mi ń dọ́gba, tó sì ń yìn mí fún aládùúgbò.

Mo wá bi ọmọ náà: "Ṣé azote ọ̀hún kì í ṣe nǹkan kan lóòótọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní bí iná bá gbóná kọjá ààlà, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn. "Ṣùgbọ́n kò tó nǹkan, Tàǹtí. A kì í kà á."

Owó alloco náà ò tó nǹkan.